Òkè Tí Kò Ní Yìnyín

Bánjọ fi àwòrán ránṣẹ́ láti ìdálẹ̀:
òkè mẹ́ta, yìnyín lórí wọn bí ìyẹ̀fun,
adágún kan nísàlẹ̀ tó ń dán bí abọ́ tánńganran.
Ó dúró níwájú rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, gbogbo eyín ló síta.
Bàbá gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà,
ó ní, "Ó dára. Ó tutù lójú.
Àbí àwa ò ní òkè ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìjẹ̀bú tó tẹ́jú bí àtẹ gàrí!
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì ní Ìjẹ̀bú-Igbó,
ó ń fi ẹfun ya òkè sára pátákó,
kò gun ọ̀kan rí.
"Sátidé," ó wí. "Wá bàtà tó le."

A kúrò nílé kí ojúmọ́ tó mọ́ tán,
òjòjò nínú ike, kẹ́ẹ̀gì omi kan,
ọ̀pá Bàbá láàárín àga méjèèjì.
Ọkọ̀ mi wúkọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan
tí mi ò kà sí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń gbabẹ̀.

Ní Òkè-Ẹ̀rí a ya sí ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín kòkó.
N kò rí òkè kankan. Igbó ni mo rí.
Bàbá fi ọ̀pá nà: "Wolẹ̀."
Ilẹ̀ là gbàgà níwájú mi. Erédò.
Mo di gbòǹgbò mú, mo ń sọ̀ ní díẹ̀díẹ̀,
ìdí ni mo fi yọ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ògiri méjèèjì tutù,
ewé wẹ́wẹ́ bò wọ́n bí àrán,
omi ń kán lára wọn, tó, tó.
Mo gbójú sókè, igi ti so kọ́ra,
ọ̀run kù bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́.
Ìgbà náà ni mo rí òkè.
Àṣé ìsàlẹ̀ la ti ń rí i.

Ohùn Bàbá já bọ́ láti etí kòtò,
orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó sọ̀:
"Ọlọ́run ló gbé ti Bánjọ kalẹ̀.
Èyí, orí ènìyàn ló rù ú.
Agbọ̀n kan, agbọ̀n kan.
Ẹni tó gbẹ́ kòtò ló mọ òkè."
Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà:
"Ṣé wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ?"
N kò mọ èsì. Ó ju òjòjò méjì sí mi nínú ọ̀rá.

Ọ̀sán ti pọ́n ká tó dé Ìwópìn.
Ọ̀sà na ara rẹ̀ sílẹ̀, kò lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì bìkítà.
Mùfútáù ọlọ́kọ̀ ní ká sanwó ká tó jókòó.
Bàbá ná an títí, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín,
owó ò dín.
"Ìyá mi ń gba orí omi yìí lọ sọ́jà Èjìnrìn," Bàbá wí,
"oorun ló máa ń sùn, kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì.
Lójú tiẹ̀, ọ̀nà ni."

Láàárín omi, Mùfútáù pa ẹ́ńjìnnì.
Àwọsánmà ti wọ́ jọ lókèèrè,
funfun, ṣóńṣó, ṣóńṣó,
òjìji wọn dorí kodò nínú ọ̀sà.
Bàbá ń kà á: "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta."
Ó ki ọwọ́ bọmi, ó gbá ṣóńṣó àkọ́kọ́ mú,
ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.
"Yìnyín tiwa lọ́ wọ́ọ́rọ́," ó ní.

Lálẹ́, Bánjọ dáhùn àwòrán tí mo fi ránṣẹ́:
"Ibo nìyẹn? Ṣé ẹ rìnrìn àjò ni?"
Bàbá ti sùn lórí àga, tòun ti bàtà.
Mo bọ́ ọ. Erùpẹ̀ pupa dà sílẹ̀,
ẹ̀kúnwọ́ kan péré, ó ga díẹ̀ láàárín.
Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
N kò tíì mú un.